Ọjọ́ Tí A Di Ọmọ Iṣẹ́ Atúnkẹ̀kẹ́ṣe
(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlera sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́)

Akọ̀wé ní kí a sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ìlera, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Nígbà tí ó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru ni a sọ. Ẹ gbọ́, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ sì délé lọ jẹ iyọ̀ yín. Lónìí a kò ní bá yín sọ̀rọ̀ iyọ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni a fẹ́ sọ, nítorí gbèsè kan wà lọ́rùn ẹgbẹ́ wa tí ó jẹ mọ́ kẹ̀kẹ́, a kò sì fẹ́ kí ọdún yìí parí lé e lórí.

“Àwa” tí a ń wí yìí, àwa nọ́ọ̀sì mẹ́ta inú ìgbìmọ̀ ìlera ni. Ilé ni a ti kọ́ṣẹ́, ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta, kí a tó kó ìwé ẹ̀rí wa wá sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbí, tí wọ́n tún dá wa padà sẹ́nu ìdánwò bí ọmọ tuntun. Gbogbo wa ti lé ní ogójì ọdún. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó ti gun kẹ̀kẹ́ láti ìgbà tí a ti jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, Ìyá Akápò wa dìde nínú gbọ̀ngàn yìí, wọ́n ní àwọn yóò kópa nínú eré ìje tí wọ́n ń pè ní triathlon, kí àwọn fi kó owó jọ fún àwọn ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀rín pa wá. Ọmọ ọdún 53 ni Ìyá Akápò, aṣọ òkè ni a sì mọ̀ mọ́ wọn, a kò mọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò rẹ́rìn-ín.

Eré ìje alápá-mẹ́ta ni triathlon. Ènìyàn yóò lúwẹ̀ẹ́, yóò jáde nínú omi, yóò gun kẹ̀kẹ́, yóò gbé kẹ̀kẹ́ kọ́, yóò sì fi ẹsẹ̀ sáré dé òpin, aago kò sì ní dúró láàárín. San Diego ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi orúkọ yẹn pe eré náà, ní ọdún 1974. Ní ọdún 1978, ọkùnrin 15 bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó gùn tí ó sì le, tí wọ́n ń pè ní Ironman, ní Hawaii. Àwọn 12 ni ó parí rẹ̀. Ó wọ inú eré Olympic ní Sydney ní ọdún 2000. Nígbà tí ó di ọdún 2012, àwọn kan nínú yín wà ní Hyde Park níbí tí ẹ dúró wo tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Brownlee, tí Alistair gba wúrà tí Jonathan sì gba idẹ. Ti Olympic yẹn, omi mítà 1,500 ni, kẹ̀kẹ́ kìlómítà 40, ẹsẹ̀ kìlómítà 10. Èyí tí Ìyá Akápò mú jẹ́ ìdajì rẹ̀: 750, 20 àti 5.

Àwa mẹ́ta ní a ó bá wọn lọ, a ó sì dúró síbi ìtọ́jú pàjáwìrì. A kó báńdéèjì, a kó gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì ń kó. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣètò eré náà ti ní dókítà tiwọn àti ọkọ̀ aláìsàn méjì. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n ní kí a lọ síbi tí ọwọ́ bá kù sí. Ibi tí ọwọ́ kù sí ni àtíbàbà ọmọ wa.

Ọmọ wa yìí, gbogbo yín ni ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni ó máa ń gbé àga fún wa níbi àjọ̀dún. Ìyá rẹ̀ jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí, wọ́n sì ti fún wa láyè kí a sọ ohun tí a fẹ́ sọ. Bí a bá bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí ọmọ wọn ń ṣe, wọ́n a ní, “Ó wà nídìí ẹ̀rọ.” Ọdún mẹ́ta gbáko ni àwa fi rò pé kọ̀ǹpútà ni. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni, ẹ̀yin ará. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe alárìnkiri. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án, kò sí ọjọ́ Àìkú tí ó ń bá a nílé. Ó ní ọkọ̀ ẹrù kékeré kan tí ó kó àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sí, ó ń tẹ̀lé eré ìje láti ìlú dé ìlú, àwọn tí ó ṣètò eré a sì san owó ọjọ́ fún un. Ẹni tí táyà rẹ̀ bàjẹ́ ni ó ń sanwó táyà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú owó ọjọ́ náà.

Aago méjì àbọ̀ òru ni a kúrò ní London. Aago mẹ́rin àbọ̀ ni a dé etí adágún odò náà, òjò winniwinni ń rọ̀. Ó ti kan àtíbàbà mọ́lẹ̀ kí àwa tó rí ibi tí a ó ti bọ́ bàtà tí a wọ̀ wá, tí kì í ṣe bàtà inú ẹrẹ̀. Kí aago márùn-ún tó lù, ènìyàn mẹ́tàlá ti tò pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Aago méje kò-ku-ìṣẹ́jú-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọn yóò ti ọgbà tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ sí. Kẹ̀kẹ́ tí kò bá tíì wọlé nígbà náà, kò wọlé mọ́.

Ọmọ wa wò wá, ó ní, “Àǹtí, ẹ gba ìwé yìí, ẹ máa kọ nọ́ńbà. Àǹtí kejì, ẹ máa fẹ́ táyà. Ẹ̀yin, ẹ bá mi wo ẹnu ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti okùn akoto.” Báyìí ni nọ́ọ̀sì mẹ́ta ṣe di ọmọ iṣẹ́.

A kọ́kọ́ ṣàkíyèsí bí ó ṣe ń ya kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀. Bí àwa náà ṣe ń ya aláìsàn sọ́tọ̀ ní ẹ̀ka pàjáwìrì nìyẹn. Kò ka ẹni tí ó kọ́kọ́ dé sí. Ó rìn gba ẹ̀gbẹ́ ìlà náà kọjá, ó ń fọwọ́ tẹ bíréèkì, ó ń mi iwájú kẹ̀kẹ́, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “Kí ni ó ń ṣe é?” Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kàn ń dún, ó ní kí ó dúró. Ẹni tí bíréèkì rẹ̀ kò mú, ó fà á jáde sí iwájú. Ọkùnrin kan bínú nítorí èyí. Inú àwa dùn, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bínú sí àwa nìkan.

Ọ̀pọ̀ wàhálà àárọ̀ yẹn, inú mọ́tò ni ó ti wá. Wọ́n tú kẹ̀kẹ́ kí ó lè wọ inú búùtù, wọn kò sì mọ bí wọ́n ṣe máa tò ó padà. Ṣé ẹ mọ̀ pé pẹ́dà ọwọ́ òsì kì í dè bí ìṣó yòókù? Apá òsì ni ẹ ó yí i sí kí ó tó dè. Àwọn tí ó ṣe kẹ̀kẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ẹsẹ̀ tí ó ń wà á má baà tú u. Obìnrin kan ti fi agbára yí tirẹ̀ sí apá ọ̀tún títí tí ó fi jẹ ojú irin náà. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mìíràn wà tí wọ́n dá padà láìde bóòtù rẹ̀. Bí ẹni náà bá tẹ bíréèkì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yóò yí, òun yóò sì bá iwájú lọ. Sípánà kan wà tí ọmọ wa fi ń de irú bóòtù bẹ́ẹ̀, tí ó ń dún “kọ́” nígbà tí ó bá dè tó, nítorí kábọ́nù ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ eré ìje òde òní, kì í ṣe irin Raleigh tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ oko tí wọ́n sì ń gbé àpò kòkó lé. Bí a bá de kábọ́nù ju bí ó ti yẹ lọ, ó ń fọ́.

Ẹnu ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ní kí a máa wò, a kọ́kọ́ rò pé eré ọmọdé ni. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ jẹ́ páìpù. Bí ẹnu rẹ̀ bá ṣí sílẹ̀, tí ènìyàn sì ṣubú lé e, yóò gé ẹran ara bí a ṣe ń fi ẹnu ife gé ìyẹ̀fun pípò nígbà tí a bá ń ṣe mẹ́ẹ̀tì-páì. Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ara wa ṣe wìrì. Òfin eré náà ni pé bí a kò bá dí i, kẹ̀kẹ́ náà kò wọlé. Ọmọ wa ní ike ìdínu púpọ̀ nínú agolo kan. Nígbà tí ó tán, ó mú ìdérí ìgò wáìnì jáde láti inú àpò, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, ó sì fi dí i. Ó ní ilé oúnjẹ kan ní àdúgbò òun ni ó máa ń kó o pamọ́ fún òun.

Nínú àpótí rẹ̀ a tún rí àwọn irin pẹlẹbẹ bíi ogójì, tí a so pọ̀ bíi kọ́kọ́rọ́. Irin yìí ni ó so ẹ̀rọ ìyíjíà ẹ̀yìn mọ́ ara kẹ̀kẹ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ní ẹlẹgẹ́, kí ó lè jẹ́ pé òun ni yóò tẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú, kí ara kẹ̀kẹ́ gan-an má baà fọ́. Ọ̀nà mìíràn sì ni ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, èyí tí ó bá òmíràn mu kò pọ̀. Ogójì ni ó ní. Èyí tí wọ́n béèrè ní àárọ̀ ọjọ́ náà kò sí nínú wọn. Ó fi irinṣẹ́ kan tọ́ èyí tí ó tẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń to eegun, ó sì sọ fún ọkùnrin náà pé jíà tí ó fúyẹ́ jù lọ, kí ó má ṣe dé ibẹ̀ rárá.

Iṣẹ́ tiwa gan-an dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọdékùnrin kan fi agolo gáàsì kékeré tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà kíákíá fẹ́ tirẹ̀, kò wọ ìbọ̀wọ́. Gáàsì tí ó ń tú jáde lójijì bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí agolo náà di yìnyín. Ó lẹ̀ mọ́ ọn ní ìka. Ó ti fẹ́ máa fi aṣọ ra á kí a tó dá a dúró. Ẹ fetí sí èyí, nítorí òtútù ń bọ̀: ara tí òtútù bá jó, ẹ má ra á, ẹ má sì gbé e sún mọ́ iná. Ẹ rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò gbóná, kí ẹ sì lọ rí dókítà bí ó bá funfun tí ó sì kú tipiri.

Ó ku ìṣẹ́jú márùndínlógójì kí wọ́n ti ọgbà nígbà tí Ìyá Akápò gbé kẹ̀kẹ́ wọn dé. Wọ́n kàn fẹ́ kí ọmọ wọn fẹ́ táyà ni. Kẹ̀kẹ́ kábọ́nù dúdú kan tí ó ń dán ni, àlòkù. Ọwọ́ ẹnì kan láàárín wa ni wọ́n ti rà á. Ẹni náà kò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é, a sì fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà fi ojú mìíràn wò ó.

Ọmọ wa ń fi àkísà nu omi òjò kúrò lára fọ́ọ̀kì iwájú, ó dúró. Ó tún nu ún. Ó fi ìka tọ ìlà kan bí irun orí, lábẹ́ ibi tí fọ́ọ̀kì ti wọ inú ara kẹ̀kẹ́. Ó yọ owó ẹyọ kan láti inú àpò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan án lára rẹ̀: kó, kó, kó. Nígbà tí ó dé ibi ìlà náà, ìró yí padà, ó di kù, kù. Àwa mẹ́ta wo ojú ara wa. Ohun tí wọ́n kọ́ wa pé kí a máa fi ìka ṣe ní àyà aláìsàn nìyẹn, láti gbọ́ ibi tí omi wà. Kò sí ẹni tí yóò ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.

Ó ní, “Màmá, ẹ kò lè gun kẹ̀kẹ́ yìí.”

Ìyá Akápò rò pé eré ni. Nígbà tí wọ́n rí i pé kì í ṣe eré, ojú wọn yí. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi múra. Aago márùn-ún òwúrọ̀ ni wọ́n ń jí lọ lúwẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Owó tí ẹ̀yin àti àwọn ará ìjọ wọn dá lé e ti ju ẹgbẹ̀rún méjì pọ́n-ùn lọ. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìlà lásán ni, ọ̀dà ni ó bó. Mo ti gùn ún láti oṣù kẹta. Mú ìwé rẹ wá, n ó fọwọ́ sí i pé èmi ni mo fi ojú ara mi gùn ún.”

Àwa mọ ọ̀rọ̀ yìí. Lójoojúmọ́ ni aláìsàn ń kọ ìtọ́jú, ó ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, yóò fọwọ́ sí ìwé, yóò sì máa lọ sílé rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ ti ń wá gègé. Ọmọ wa kò gbà. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ọmọlúàbí ni, ó ní, “Màmá, bí ẹ bá fọwọ́ sí i, èmi kò ní fọwọ́ sí i. Bí ó bá ṣẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀yin nìkan kọ́ ni yóò ṣubú, ẹni tí ó wà lẹ́yìn yín ń kọ́? N ó pe adájọ́ eré.” Ìyá Akápò sọ àwọn ọ̀rọ̀ kan sí i tí a kò ní tún sọ níhìn-ín. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà, ó ti tán.

Nígbà tí ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wá. Ó tú pẹ́dà Ìyá Akápò kúrò lára kẹ̀kẹ́ wọn, ó dè é mọ́ tirẹ̀, kí bàtà wọn lè bá a mu. Ó rẹ ìjókòó sílẹ̀. Ó bó nọ́ńbà kúrò lára èkíní, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì, ó sì lọ fi han adájọ́. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀ gbà. Ọ̀kan nínú wa ni ó di aago mú.

Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà, tí òun kò sì sọ, ni pé iṣẹ́ ni ó fi kẹ̀kẹ́ yẹn ń ṣe. Nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dí ọ̀nà, ọkọ̀ kò lè kọjá. Òfin kò sì gbà kí ará tàbí ọ̀rẹ́ ran ẹni tí ó ń sáré lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Àwọn tí ó ṣètò eré nìkan ni ó lè yan ẹni tí yóò ṣe é, òun sì ni wọ́n yàn. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni ó ń gùn lọ bá wọn. Lọ́jọ́ náà, ṣéènì ọkùnrin kan já. Ọmọ wa gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, ó fi ẹsẹ̀ sáré lọ. Kí ó tó débẹ̀, ọkùnrin náà ti jáwọ́. Obìnrin mìíràn dúró nínú òjò fún ogójì ìṣẹ́jú, inú rẹ̀ kò dùn, ó sì kọ ìwé ẹ̀sùn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn tí ó ṣètò eré kọ lẹ́tà sí i. Kò gùn. Wọ́n ní àwọn ti rí ẹlòmíràn fún eré oṣù kẹjọ àti ti oṣù kẹsàn-án. Eré méjì lọ nìyẹn nínú owó ọdún rẹ̀, ẹni tí kò sì sí iṣẹ́ fún un ní ìgbà òtútù.

Ìyá Akápò parí. Àwọn mẹ́rin ni ó kẹ́yìn wọn. Ẹ ti rí fọ́tò náà nínú ìwé ìròyìn tí ó kọjá, a kò ní tún un sọ. Ẹ ti gbọ́ iye owó tí a fi ránṣẹ́. Ohun tí ẹ kò tíì gbọ́ ni ohun tí a rí nígbà tí a wo ìwé ìnáwó ọjọ́ náà. A san owó ọkọ̀ fún àwọn ọlọ́wọ̀ tí ó wá yẹ́ wa sí. A san owó fún ayàwòrán. A san owó jọ̀lọ́ọ̀fù. Lábẹ́ orúkọ atúnkẹ̀kẹ́ṣe, wọ́n kọ ọ́ pé “ọmọ wa ni”. Kò sí iye kankan níwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, àwa kò sọ ọ́ láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Àwa náà jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: bí ó bá jẹ́ pé dókítà ni ó rí nǹkan kan lára ẹnì kan wa ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ṣé a ó fi abọ́ ìrẹsì kan dá a lóhùn? Kẹ̀kẹ́ 61 ni a kọ sínú ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó ti ọgbà. A ka á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọwọ́ rẹ̀ ni ó kù tí a fẹ́ sọ, nítorí ìgbìmọ̀ ìlera sì ni wá. Nígbà tí a ń padà bọ̀, a ní kí ó nawọ́ sí wa. Ó ti ṣán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń yọ láàárín ìka. Oògùn tí wọ́n fi ń fọ gíríìsì ni, àti epo bẹntiróòlù tí ó fi ń fọwọ́ bí omi bá jìnnà. Ìka ọmọńdinrín àti èyí tí ó tẹ̀ lé e sì ti ń kú lára rẹ̀ ní òwúrọ̀. Iṣan kan ni ó gba ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ kọjá dé ibẹ̀, tí títẹ̀ mọ́ irinṣẹ́ nígbà gbogbo ń pa lára. Àwọn tí ó ń tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ fún wákàtí púpọ̀ náà ń ní in. A ti bá a lọ rí dókítà. A ti ra páálí ìbọ̀wọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta fún un, ó sì ń wọ̀ ọ́, ìyá rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tí ẹ ń fọwọ́ nígbà ogún lójúmọ́, ẹ fi ìpara pa ọwọ́ yín lẹ́yìn gbogbo fífọ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí ó bá ṣán.

Ohun tí a wá tọrọ kò pọ̀. Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ san owó ọjọ́ kan fún un, iye tí àwọn tí ó ṣètò eré ń san gan-an. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Èkejì, kí a jẹ́ kí ó lo ibi ìgbọ́kọ̀sí gbọ̀ngàn yìí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kìíní oṣù, ní gbogbo ìgbà òtútù, kí ó máa tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kí a sì máa sanwó. Ìyá Akápò ti ní àwọn ni yóò kọ́kọ́ gbé tiwọn wá. Wọ́n ti ra fọ́ọ̀kì tuntun. Ọmọ wa ní kí a sọ fún yín pé kí ẹ nu kẹ̀kẹ́ yín kí ẹ tó gbé e wá o, àti pé ẹni tí ó bá tú pẹ́dà fúnra rẹ̀, kí ó rántí èyí tí ó jẹ́ ti òsì.